Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Èrò Mi Lórí Yíyan Abẹ̀bẹ̀ fún Bàálù Kékeré

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa àmì ohùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa oríkì. Ọ̀rọ̀ abẹ̀bẹ̀ bàálù ni, ìyẹn ohun tí ń yí bírí níwájú bàálù kékeré tí a ń fi rédíò darí láti orí ilẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń bá àwọn tí ń ṣe eré yìí rìn. Mo sì ti ṣàkíyèsí pé ohun tí owó rẹ̀ kéré jù lára bàálù náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ojú lásán yàn, òun náà ló sì ń ba èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ jẹ́. Èrò mi ni pé kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, àti pé ọ̀nà tí a gbà ń sọ̀rọ̀ nípa abẹ̀bẹ̀ yìí gan-an wà lára ohun tí ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orúkọ náà. Àwọn kan ń pe nǹkan yìí ní fáànù, àwọn mìíràn ń pè é ní abẹ̀bẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ni èmi náà yóò máa lò nínú àròkọ yìí. Síbẹ̀, orúkọ a máa darí ọkàn ẹni. Bí a bá ti dárúkọ abẹ̀bẹ̀, ohun tí ó ń wá sọ́kàn ni atẹ́gùn tútù tí ń fẹ́ sí wa lára nígbà tí ooru bá mú. Ẹni tí abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ bá sì fẹ̀ jù lọ ni atẹ́gùn tirẹ̀ ń pọ̀ jù lọ. Ibẹ̀ gan-an ni èrò náà ti ń wọlé pé abẹ̀bẹ̀ tó bá tóbi jù ni yóò gbé bàálù fò jù. Bí ó bá jẹ́ àjẹ̀ tí àwọn apẹja Ìlàjẹ fi ń wa ọkọ̀ lójú omi ni a fi wé (ẹ kíyè sí ohùn rẹ̀ o: àjẹ̀ ni mo wí, n kò wí àjẹ́), à bá sún mọ́ òtítọ́ díẹ̀ sí i, nítorí àjẹ̀ ń ti omi sẹ́yìn kí ọkọ̀ lè rìn síwájú.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹ́ńjìnnì fò nínú bàálù tí a lè darí, Wilbur àti Orville Wright, náà gba ọ̀nà àjẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi yìí kọjá. Wọ́n rò pé àwọn yóò rí ìṣirò abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ ojú omi yá lò. Nígbà tí wọ́n wá a títí tí wọn kò rí èyí tó wúlò fún wọn, wọ́n jókòó ro ó fúnra wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé apá abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ohun mìíràn bí kò ṣe ìyẹ́ bàálù tí ń fò yípo ojú kan. Bí ìyẹ́ ṣe ń gé atẹ́gùn kọjá tí atẹ́gùn sì ń gbé e sókè, bẹ́ẹ̀ náà ni apá abẹ̀bẹ̀ ń gé atẹ́gùn kọjá, tí atẹ́gùn sì ń fà á síwájú. Abẹ̀bẹ̀ méjì onígi tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí mítà 2.6, ni wọ́n fi fò ní 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìgbà tiwa wọn irú abẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n rí i pé ó ń sọ bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ẹ́ńjìnnì di agbára ìfàsíwájú. Ìyẹ́ tí ń yípo ni abẹ̀bẹ̀ bàálù. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn kò ní máa fi fífẹ̀ nìkan wọn ọgbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí a kọ sára rẹ̀. Lára abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ó ti rí nọ́ńbà méjì, bí àpẹẹrẹ, 10x6. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìbú rẹ̀: láti ṣóńṣó apá kan dé ṣóńṣó apá kejì jẹ́ íǹṣì 10. Èyí kò ṣòro. Nọ́ńbà kejì ló ń da àwọn ènìyàn láàmú. Àwọn òyìnbó ń pè é ní pitch. Àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè náà sì ń lo ọ̀rọ̀ kan náà fún bí ohùn ṣe ń lọ sókè tàbí sódò lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé ìwé atúmọ̀ èdè tó sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí ohùn ti sọnù pátápátá. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe ni a ń túmọ̀, kì í ṣe lẹ́tà inú rẹ̀. Iṣẹ́ tí nọ́ńbà kejì yìí ń ṣe ni láti sọ fún wa bí abẹ̀bẹ̀ náà ìbá ti rìn síwájú tó nígbà tí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ká ní atẹ́gùn le bí igi. Ẹ wo skúrù tí káfíńtà ń yí wọ inú pákó: bí ó ti ń yípo kọ̀ọ̀kan ni ó ń wọlé díẹ̀ sí i. Abẹ̀bẹ̀ 10x6 ìbá rìn íǹṣì 6 síwájú ní ìyípo kan. Nítorí náà, ìtẹ̀síwájú ni èmi ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá ní orúkọ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú un wá, ṣùgbọ́n kí orúkọ náà sọ iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe.

Ìbú àti ìtẹ̀síwájú kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọlọ́kadà tó bá fẹ́ gun òkè yóò fi gíà sí ìkíní. Bí ó bá dé títì márosẹ̀ tó tẹ́jú, yóò bọ́ sí ìkẹrin. Abẹ̀bẹ̀ tí ìtẹ̀síwájú rẹ̀ kéré dà bí gíà kìíní: agbára ìfà rẹ̀ pọ̀ nígbà tí bàálù bá ń gbéra nílẹ̀ tàbí tó ń gòkè, ṣùgbọ́n kò lè sáré. Èyí tí ìtẹ̀síwájú rẹ̀ pọ̀ dà bí gíà kẹrin: ó dára fún eré sísá, ṣùgbọ́n bí bàálù bá ṣì dúró sójú kan, atẹ́gùn a máa já kúrò lára apá rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ a máa pariwo, kò sì ní fà tó bí ó ti yẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń rí 10x4.7 lára bàálù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń rọra fò, tí a sì ń rí abẹ̀bẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lára bàálù ìdíje eré sísá. Ẹni tó bá gbé ti ìkejì sára ti ìkíní ti fi ẹ̀wù ọmọdé wọ àgbàlagbà.

Ọ̀rọ̀ ìbú ló ń ná àwọn ènìyàn lówó jù. Ẹ gbọ́ ìṣirò kan tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sórí. Bí iye ìyípo kò bá yàtọ̀, agbára tí abẹ̀bẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì ń pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìbú tí a fi ṣe ìlọ́po ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Láti íǹṣì 10 bọ́ sí 11 dà bí ohun kékeré lójú, ṣùgbọ́n 1.1 × 1.1 × 1.1 × 1.1 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.46, ìyẹn ni pé ẹrù ẹ́ńjìnnì ti fi bí ìdajì lé. Láti 10 bọ́ sí 12, ẹrù náà ti lé ní ìlọ́po méjì. Ti iye ìyípo rọrùn díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìlọ́po ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni òun ń bá agbára rìn. Ti ìtẹ̀síwájú kò le tó wọn, nítorí ó ń pọ̀ bí ó ti ń pọ̀ ni. Ojú kò lè rí èyí. Ojú yóò rí íǹṣì méjì péré, yóò ní kò burú.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ fi bàálù rẹ̀ hàn mí nígbà kan. Ẹ́ńjìnnì oníbátìrì tí ó wà lára rẹ̀ jẹ́ èyí tí àwọn tó ṣe é kọ ọ́ pé kí a lo 10x5 fún. Abẹ̀bẹ̀ 12x6 ni ọmọ náà gbé sí i, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ó fẹ́ kí ó lágbára. Ìṣirò òkè yìí fi hàn pé ẹrù abẹ̀bẹ̀ náà tó ìlọ́po méjì àbọ̀ ti èyí tí a ní kó lò, bí ìyípo bá dọ́gba. Ìyípo yóò dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní dínkù tó láti gba ẹ́ńjìnnì là. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó yọ ọ́, kí ó fi ẹ̀rọ ìwọnná wò ó ná. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀gá, ẹ kò mọ iṣẹ́ yìí, èdè ni iṣẹ́ yín. Kò tó ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tí ó gbéra tí èéfín fi yọ. ESC, ìyẹn ohun èlò tí ń pín iná fún ẹ́ńjìnnì, ti jóná. Owó tí ó fi ra òmíràn tó owó oúnjẹ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, owó náà kò sì rọrùn fún òbí rẹ̀ láti fi ránṣẹ́. Èyí ni mo ṣe ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré lásán. Ọmọ náà mọ ìṣirò ju èmi lọ. Ohun tí kò ní ni àṣà kí a máa béèrè ohun tí nọ́ńbà ń wí.

Ibi kan tún wà tí àwọn àgbà inú eré yìí, tí wọ́n ti ń fò kí ẹ́ńjìnnì oníbátìrì tó gbòde, fi ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà láìmọ̀. Ẹ́ńjìnnì elépo ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Fún ẹ́ńjìnnì elépo oní-.40, abẹ̀bẹ̀ 10x6 ni ó wọ́pọ̀, fún oní-.46, 11x5 tàbí 11x6. Bí a bá gbé abẹ̀bẹ̀ tó tóbi jù sára ẹ́ńjìnnì elépo, yóò rọra yí, yóò kùn, ara rẹ̀ lè gbóná, ṣùgbọ́n kò lè mu epo ju èyí tí ihò rẹ̀ gbà lọ. Ẹ́ńjìnnì oníbátìrì kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iye kV tó wà lára rẹ̀ ń sọ iye ìyípo tí ó fẹ́ yí fún fólítì kọ̀ọ̀kan nígbà tí kò bá gbé ẹrù kankan. Bí ẹrù bá dí i lọ́nà, yóò máa fa iná sí i láti lè dé ibi tó fẹ́ dé, títí tí nǹkan kan yóò fi jóná: òun fúnra rẹ̀, tàbí ESC, tàbí bátìrì. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ti ẹ́ńjìnnì oníbátìrì ni pé igbá ẹlòmíràn ni ó ń fọ́. Nítorí náà, abẹ̀bẹ̀ ni ó ń pinnu iye tí ẹ́ńjìnnì oníbátìrì yóò jẹ. Àwa ni a sì ń yan abẹ̀bẹ̀.

Kí wá ni ọ̀nà tó tọ́? Ibí yìí ni mo ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ yìí. Wọn a ní ra ẹ́ńjìnnì, ra bátìrì, lẹ́yìn náà kí o wá abẹ̀bẹ̀ tó bá wọn mu. Èmi sọ pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàálù fúnra rẹ̀, kí a ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ abẹ̀bẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì àti bátìrì sì wá tẹ̀ lé e. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: a kì í kọ́ ìtẹ́ tán kí a tó wá eku tí yóò gbé inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi bàálù ìkọ́ṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó wúwo tó 1.2 kg, tí eré tó kéré jù tó lè fi fò láì já bọ́ sì jẹ́ nǹkan bí 28 km/h. Ìlànà tí ọwọ́ ti gbó sí nínú eré yìí ni pé bàálù ìkọ́ṣẹ́ ń fẹ́ wáàtì 150 sí 200 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan. Fún tiwa, ìyẹn jẹ́ wáàtì 180 sí 240. Ìlànà kejì ni pé kí eré abẹ̀bẹ̀, tí í ṣe ìtẹ̀síwájú ní ìlọ́po iye ìyípo, tó ìlọ́po méjì àbọ̀ sí mẹ́ta eré tó kéré jù yẹn. Ìyẹn jẹ́ 70 sí 84 km/h. Abẹ̀bẹ̀ tí ìtẹ̀síwájú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 6, tí ó ń yí nígbà 8,200 ní ìṣẹ́jú kan, ń fún wa ní íǹṣì 49,200 ní ìṣẹ́jú, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 75 km/h géérégé. Abẹ̀bẹ̀ 10x6 tí ń yí bẹ́ẹ̀ yóò gba nǹkan bí wáàtì 190 láti inú bátìrì. Nọ́ńbà méjèèjì ti bọ́ sí ibi tí a fẹ́. Ìgbà yìí ni a ó tó wá béèrè pé ẹ́ńjìnnì wo ni yóò yí i bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú bátìrì LiPo oní-sẹ́ẹ̀lì 3, tí fólítì rẹ̀ jẹ́ 11.1, ẹ́ńjìnnì tó tó 1000 kV yóò ṣe é, nítorí pé bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye ìyípo òfìfo ni yóò kù. Iná tí yóò fà yóò jẹ́ nǹkan bí áńpù 17, ESC oní-áńpù 30 yóò sì gbé e láì ṣàárẹ̀. Ẹ rí i pé kò sí ibi kankan tí a ti dákẹ́ wo ojú abẹ̀bẹ̀ kí a tó pinnu.

Lẹ́yìn ìṣirò, ilẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí abẹ̀bẹ̀ bá tóbi débi pé ṣóńṣó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, bàálù yóò fi gbá koríko, yóò sì kán. Ẹni tí ẹsẹ̀ bàálù rẹ̀ bá kúrú lè lo abẹ̀bẹ̀ alápá mẹ́ta: a dín ìbú kù ní nǹkan bí íǹṣì kan, tí 10x6 alápá méjì fi di 9x6 alápá mẹ́ta. Kì í ṣe pé alápá mẹ́ta lágbára ju alápá méjì lọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ti rò. Ààyè ni ó ń fi sílẹ̀ fún wa. Bí ààyè bá wà, alápá méjì ni kí ẹ lò.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Wọn yóò ní kí ni gbogbo wàhálà yìí fún, nígbà tí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì ti kọ ìwé ìlànà sí i tí wọ́n sì ti sọ abẹ̀bẹ̀ tí a ó lò. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì dára kí a bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìlànà náà ń sọ̀rọ̀ nípa bátìrì kan pàtó. Bí a bá gbé bátìrì oní-sẹ́ẹ̀lì 4 sí ipò ti sẹ́ẹ̀lì 3, tí a kò sì pààrọ̀ abẹ̀bẹ̀, ìyípo lè fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta lé, agbára tí abẹ̀bẹ̀ ń béèrè a sì lé ní ìlọ́po méjì. Ìwé ìlànà kò mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ bátìrì. Àwọn mìíràn yóò ní ètò ìṣirò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò ṣe gbogbo rẹ̀ fún wa. Ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí ètò ìṣirò ń fún wa ni ìrètí, ẹ̀rọ ìwọnná ni ó ń fún wa ní ẹ̀rí. Àwọn àgbà awakọ̀ bàálù sì tún wà tí wọn yóò ní etí làwọn fi ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ń jìyà. Etí ni èmi náà fi ń jẹun, mo sì bọ̀wọ̀ fún etí wọn. Síbẹ̀, etí kì í gbọ́ áńpù.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbé abẹ̀bẹ̀ tuntun sí i, ẹ kọ́kọ́ mú èyí tó kéré jù nínú àwọn tí ìṣirò yín gbà. Ẹ so ẹ̀rọ ìwọnná mọ́ àárín bátìrì àti ESC, ẹ di bàálù mú dáadáa, ẹ jẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ yí tagbáratagbára fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí ẹ sì ka áńpù rẹ̀. Bí ó bá ṣì jìnnà sí ohun tí ẹ́ńjìnnì àti ESC lè gbé, tí ẹ sì fi nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún ààbò, ẹ lè fi íǹṣì kan gòkè sí i. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ síra kò wọ́n tó ESC kan ṣoṣo tó jóná. Bí owó bá ṣe díẹ̀ lọ́wọ́ yín, ìyẹn gan-an ni ìdí tó fi yẹ kí ẹ wọ̀n ọ́n.

Ẹ má ṣe fojú fo àwọn lẹ́tà tí a kọ tẹ̀ lé nọ́ńbà. Lára àwọn abẹ̀bẹ̀ ilé-iṣẹ́ APC, E túmọ̀ sí pé fún ẹ́ńjìnnì oníbátìrì ni a ṣe é, SF túmọ̀ sí pé fún bàálù tí ń rọra fò ni. Àwọn tó ṣe é sọ pé kí abẹ̀bẹ̀ SF má ṣe yí ju 65,000 tí a fi iye íǹṣì ìbú rẹ̀ pín lọ ní ìṣẹ́jú kan. Fún oní-íǹṣì 10, ìyẹn jẹ́ 6,500. Ẹni tó bá gbé e sára ẹ́ńjìnnì tí ń yí nígbà 8,200 tí a ṣírò lókè yìí ti ré ààlà kọjá, apá abẹ̀bẹ̀ náà sì lè ya. Lẹ́tà méjì péré ni ó ya abẹ̀bẹ̀ tó yẹ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó léwu. Ó yẹ kí èyí yé àwa tí a ń sọ èdè tí àmì kékeré kan lórí fáwẹ̀lì ń yí ọkọ́ padà di ọkọ̀. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ojú tí a kọ nọ́ńbà sí ni ó gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí bàálù ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ààbò ni mo fi sí ìkẹyìn, kì í ṣe pé ó kéré. Ṣóńṣó abẹ̀bẹ̀ oní-íǹṣì 10 tí ń yí nígbà 10,000 ní ìṣẹ́jú kan ń sáré tó nǹkan bí mítà 133 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó lé ní 470 km/h. Ìka ọwọ́ kò lè jiyàn pẹ̀lú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ̀bẹ̀ tó ń yí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ wà. Ẹ yọ ọ́ kúrò nígbà tí ẹ bá ń ṣètò rédíò nínú ilé. Ẹ fi í kọ́ sórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ wo apá tó wúwo jù, kí ẹ fi yanrìn-páálí ha á díẹ̀díẹ̀ títí méjèèjì yóò fi dọ́gba, nítorí èyí tí kò dọ́gba yóò máa gbọn bàálù títí yóò fi tú u. Abẹ̀bẹ̀ tó bá ti sán tàbí tó ti ya létí, ẹ kán an kí ẹ sì sọ ọ́ nù. A kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì fi irin rọ ọ́ rárá. Academy of Model Aeronautics, ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ bàálù kékeré ní Amẹ́ríkà, kò gba abẹ̀bẹ̀ onírin láàyè, ìdí rẹ̀ sì hàn gbangba.

Mo lè gbọ́ kí ẹnìkan máa wí pé kí ni ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe lọ́dọ̀ olùkọ́ èdè. Ìdáhùn mi kò gùn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, nínú èyí tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún odindi ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa. Ohun tí ètò yẹn fi hàn ni pé èdè wa kò kéré jù fún ìmọ̀. Àwa ni a kì í bá a dé ibi iṣẹ́. A ń fi Yorùbá kí ara wa, a ń fi ṣàdúrà, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ẹ́ńjìnnì, a ó sá lọ sínú èdè mìíràn, a ó sì máa pe àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń pe ọfọ̀ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí ESC rẹ̀ jóná lè sọ pitch ní ìgbà mẹ́wàá nínú gbólóhùn kan. Bí a bá ní kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá fún ìyá rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ rí i pé ohun náà kò tí ì yé òun, kí ó sì wá a lọ kí iná tó jó o.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nìyí. Kí ẹ tó ra abẹ̀bẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ wá ẹnìkan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì ṣàlàyé fún un ní Yorùbá ìdí tí ó fi jẹ́ 10x6 ni ẹ fẹ́, tí kì í ṣe 12x6. Ẹ lo àjẹ̀, ẹ lo skúrù, ẹ lo gíà ọ̀kadà. Bí onítọ̀hún bá lóye, ẹ lọ rà á. Bí kò bá lóye, ẹ fi owó yín sápò ná, kí ẹ padà sídìí ìṣirò.

Ó dàbọ̀ o. Kí bàálù yín gbéra láyọ̀, kí ó sì balẹ̀ ní odindi.